Eṣinṣin Tí Kò Fò: Àkọsílẹ̀ Tàdáwà Ojú Ìyá Aláṣọ Kan n'Íbàdàn

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló tú ọ̀rọ̀ náà síta. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni, ó jókòó lórí itan ìyá àgbà lọ́jọ́ ọdún Kérésì, ó ń ju ọwọ́ síwá-sẹ́yìn níwájú ojú rẹ̀ bí ẹni ń lé adìẹ: "Màmá, eṣinṣin bà lé yín lójú!" Ó lé e títí, kò fò. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Ó ní òun rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú òun, òun ò sì mọ ìgbà tí ẹ̀rín náà di ẹkún.

Lọ́sẹ̀ kejì oṣù Kìíní ló gbé àwọn kókó dúdú ojú rẹ̀, tí ọmọ náà pè ní eṣinṣin, wá bá wa.

Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn kan tó ń tọ́jú àìsàn awọ ara n'Íbàdàn. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó kọ èyí. Ó gbà, ó ní kí n má ṣáà dárúkọ òun, kí n má sì sọ ìsọ̀ tí òun ti ń tajà. Ìyá Aláṣọ ni n ó máa pè é.

Ẹni ọdún 54 ni, lẹ́ẹ̀sì àti àǹkárá ló ń tà, ọmọ mẹ́rin ló bí. Kò ní ìtọ̀ ṣúgà, kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ti mú ọjọ́ tí ojú òun gbọ́dọ̀ mọ́ kó tó wá: Sátidé kan nínú oṣù Kẹrin, ọjọ́ ìgbéyàwó àbíkẹ́yìn rẹ̀. Ó yọ fóònù, ó ṣí àwòrán òde kan tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wọ aṣọ ẹbí, ó fi ìka méjì fẹ ojú ara rẹ̀ títí tó fi gba gbogbo fóònù. "Dókítà, ẹ wò ó. Ṣé ojú ìyá ìyàwó nìyí, àbí mọ́ínmọ́ín tí wọn ò bó ẹ̀wà rẹ̀ dáadáa?"

Dókítà wa, tí kì í tètè rẹ́rìn-ín, rẹ́rìn-ín.

Ohun tó gbé wá kì í ro ó, kì í yún un. Àwọn kókó dúdú kéékèèké ni, tó le díẹ̀ tí èèyàn bá fọwọ́ kàn án, wọ́n kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ojú lọ sí ọrùn. Tàdáwà lòun ń pè é, bí ẹni pé yíǹkì ta sí òun lójú. Ó ní nígbà tí òun wà ní nǹkan bí ọdún 25 ni òun kọ́kọ́ rí méjì-mẹ́ta lábẹ́ ojú. Ìyá rẹ̀ ní in, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní in, bàbá kò ní. Bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ sókè ni àwọn náà ń pọ̀ sí i. Kò sẹ́ni tó kà á sí títí fóònù oníkámẹ́rà fi dé.

Dókítà bi í ní ìbéèrè kan tí kò yé e nígbà náà: ṣé díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń yọ, àbí wọ́n kàn rọ́ jáde lójijì láàárín oṣù mélòó kan? Ṣé ó ti rù láìmọ ìdí? Ó ní díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń yọ, òun ò sì rù, aṣọ òun gan-an ló ń fún òun. Ohun tó fa ìbéèrè náà ni pé tí irú kókó bẹ́ẹ̀ bá rọ́ yọ lójijì lára àgbàlagbà, tó sì ń yún un, dókítà máa ń fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan mìíràn fara pamọ́ sínú ara. Kò wọ́pọ̀ rárá, àmọ́ ọ̀fẹ́ ni ìbéèrè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo ni ohun tí ó ti ṣe sí i kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ní bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ẹnìkan nínú ọjà júwe ìpara àpòpọ̀ fún un, irú èyí tí wọ́n ń pò sínú ike tí kò lórúkọ, tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC. Ó fi pa ojú láràárọ̀ àti lálaalẹ́ fún ọdún mẹ́ta gbáko, ó sinmi díẹ̀, ó tún padà sí i. Ojú pọ́n lóòótọ́. Àwọn tàdáwà náà kò kúrò. Awọ tó yí wọn ká ló bó, àwọn dúró gbọn-in, wọ́n wá hàn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Kò yàtọ̀ sí ẹni tó kun ògiri ní funfun nítorí ìdọ̀tí tó wà lára rẹ̀, tó kùn ún yí ìdọ̀tí náà ká. Ìdí rẹ̀ ni pé tàdáwà yìí kì í ṣe àwọ̀ lásán. Awọ òkè ló nípọn, tó sì ga sókè. Ìpara abóra ò lè rẹ́ ohun tó ga sílẹ̀.

Nígbà tí ìpara ò ṣiṣẹ́, ó lọ sí ilé ìṣaralóge kan. Obìnrin tó bá níbẹ̀ fi igi ìtayín bọ inú omi kan, ó ń tò ó sórí tàdáwà lọ́kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Màmá bi í pé kí lorúkọ omi náà, ó ní "tòkè òkun ni." Ó ta á bí iná. Méje ni wọ́n fi kàn kó tó ní ó tó. Ó di egbò, egbò náà gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó jinná. Tàdáwà méje lọ, kò sírọ́ níbẹ̀. Àmọ́ mẹ́ta fi àpá funfun rọ́pò ara wọn, ó fẹ̀ ju tàdáwà ọ̀hún lọ. Méjì di àmì dúdú pẹrẹsẹ. Ọ̀kan jin wọnú bí ojú ibi tí wọ́n fi ìṣó tẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ló jinná láìfi nǹkan sílẹ̀.

Mo ti rí irú rẹ̀ ju ìgbà tí mo lè kà lọ. Ẹni tó ṣe é kì í ṣe ìkà. Ohun tó rí ni pé omi náà máa ń jẹ tàdáwà, ó sì jẹ ẹ́. Kò dúró wo ohun tí awọ dúdú máa ń ṣe lẹ́yìn tí nǹkan bá jẹ ẹ́.

Ní yàrá àyẹ̀wò, dókítà kọ́kọ́ wo ojú lásán, lẹ́yìn náà ó mú awò kékeré oníná, ó ń gbé e lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo ń kọ ọ́ sílẹ̀: ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún 31, òsì 27, iwájú orí àti ẹ̀bátí 9, àyíká ojú 8, ọrùn 11. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 86. Èyí tó tóbi jù kò ju mìlímítà 4 lọ. Mẹ́fà lára tọrùn ní ọrùn tiwọn náà, wọ́n rọ̀ bí ọmú ewúrẹ́ kékeré. Awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti fẹ́lẹ́, àwọn iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ pupa hàn nísàlẹ̀ rẹ̀, irun wẹ́wẹ́ sì ti hù sí ẹ̀gbẹ́ ojú. Ohun tí a máa ń rí nìyẹn lójú ẹni tó ti pẹ́ lórí ìpara sítẹ́rọ́ìdì líle bíi clobetasol. Ìpara inú ike náà, a ò lè sọ pé báyìí-báyìí ló wà nínú rẹ̀, ike kì í sọ̀rọ̀. NAFDAC kò gba mẹ́kúrì láyè nínú ìpara, kò sì gbà kí hydroquinone, kẹ́míkà abóra, kọjá ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n ta ló ń wọn ohun tí wọ́n fi ṣíbí pò nínú ṣọ́ọ̀bù?

Etí òsì rẹ̀ tún ní àpá kan tó wú bí ẹyọ ẹ̀wà, ibi tí ó ti lu etí lẹ́ẹ̀kejì nígbà tó wà lọ́mọge. Dókítà fi yíǹkì pupa fa ìlà sábẹ́ ìyẹn nínú fáìlì. Ẹni tí àpá rẹ̀ máa ń wú, èèyàn kì í sáré gbé abẹ iná lé e lójú.

Lẹ́yìn èyí ni dókítà ní kó bọ́ bàtà. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí i díẹ̀. "Ojú ni mo gbé wá, dókítà, ẹ ń wo ẹsẹ̀." Wọ́n wo àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná gbogbo. Jẹjẹrẹ awọ tó ń jẹ́ melanoma kì í sábà yọ lójú àwa aláwọ̀ dúdú. Àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná ló máa ń bá wa, ibi tí ẹnikẹ́ni kì í wò. Abẹ́ èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ni wọ́n ti rí ti olórin Bob Marley ní 1977, ó kú ní oṣù Karùn-ún 1981, ẹni ọdún 36. Ìyá Aláṣọ ní ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ lórí èékánná bíi mẹ́rin. Ìyẹn wọ́pọ̀ lára wa, ó sì jọ ara wọn níbi gbogbo. Èyí tó yẹ kí ó já èèyàn láyà ni ìlà kan ṣoṣo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, tó ń fẹ̀ sí i, tàbí tí dúdú rẹ̀ ti ń ṣàn kúrò lórí èékánná bọ́ sórí ẹran ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Tàdáwà rẹ̀ ní orúkọ nínú ìwé: dermatosis papulosa nigra. Dókítà ará Ítálì kan, Aldo Castellani, ló fún un lórúkọ náà ní 1925. Aláwọ̀ dúdú ló ń yọ lára jù, obìnrin ju ọkùnrin lọ, ó sì máa ń tẹ̀lé ìdílé. Ẹni tó bá ti rí ojú òṣèré Morgan Freeman ti rí i. Kì í ran ẹlòmíràn, kì í di jẹjẹrẹ, àìwẹ̀ kọ́ ló fà á, èpè kọ́. Mo ní láti sọ èyí tó gbẹ̀yìn nítorí Màmá bi mí nígbà tí dókítà jáde, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní orogún ìyá òun kan wà tó máa ń sọ̀rọ̀ nípa ojú wọn.

Ọ̀kan ṣoṣo nínú 86 ni kò tẹ́ dókítà lọ́rùn, èyí tó wà lẹ́bàá imú lápá ọ̀tún. Ó ń dán, ó sì ti ṣẹ̀jẹ̀ nígbà tí ìyarun kọ́ ọ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìyarun ló fà á. Dókítà ò fẹ́ kó jẹ́ "ó ṣeé ṣe." Wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ akunnilára, wọ́n fi abẹ fá a pẹrẹsẹ, wọ́n kó o sínú ìgò lọ fún àyẹ̀wò. Èsì dé lẹ́yìn ọjọ́ 12: tàdáwà náà ni, kò sí nǹkan burúkú nínú rẹ̀. Àwọn kan máa ń bi mí pé kí ló dé tí a ò kàn jó gbogbo rẹ̀ dànù lẹ́ẹ̀kan náà. Iná máa ń jó ẹ̀rí. Ohun tí a bá ti sun, kò sẹ́ni tó tún lè yẹ̀ ẹ́ wò mọ́.

Ọjọ́ tí èsì dé ni a jókòó sórí ọ̀rọ̀ ìtọ́jú, àkọ́bí rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sì wà lórí WhatsApp. Ó ti wádìí tirẹ̀. Òun náà ti ní bíi mẹ́wàá. Dókítà àdúgbò rẹ̀ ti sọ fún un pé NHS, ètò ìlera ìjọba níbẹ̀, kì í sábà náwó sí yíyọ ohun tí kò ṣe èèyàn ní jàǹbá, àfi kó lọ sanwó níbòmíràn. Ó ti ka nípa lésà, ó ti ka nípa fífi òtútù dì í. "Mọ̀mí, lésà ni kẹ́ ẹ ṣe o. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi nǹkan jó yín lójú mọ́."

Dókítà bẹ̀rẹ̀ láti orí àìṣe nǹkankan. Ó ní òun kì í fo ìyẹn: ara rẹ̀ le, ojú rẹ̀ kò ṣàìsàn, ó sì lè fi wọ́n sílẹ̀ títí ayé. Màmá wò ó bí ẹni tí wọ́n dá owó tó kéré fún lórí lẹ́ẹ̀sì. "Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ, dókítà."

Ó bọ́ sórí dídì. Gáàsì naitirojíìnì tó ti di omi ni wọ́n ń lò, òtútù rẹ̀ jẹ́ 196 sí abẹ́ òdo lórí ìwọ̀n Celsius. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn òyìnbó, òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé sí irú kókó báyìí. Ó yá, owó rẹ̀ ò pọ̀. Àwa náà ń lò ó fún àwọn kókó líle àtẹ́lẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀yà ara tín-tìn-tín tó ń ṣe dúdú fún awọ kì í fara da òtútù rárá. Wọ́n máa ń kú ṣáájú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, nígbà tí òtútù ò tíì tó èyí tó lè pa tàdáwà fúnra rẹ̀. Bí tàdáwà bá lọ, ojú ibẹ̀ lè di funfun, funfun náà sì lè máà lọ mọ́. Lára òyìnbó, àpá funfun lórí awọ funfun, ta ni yóò rí i? Lójú Ìyá Aláṣọ, 86 àmì dúdú á di 86 àmì funfun. Ó fọwọ́ kan àpá mẹ́ta tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀, ó ní ó yé òun.

Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka èyí dúró sí díẹ̀. Gbogbo wa máa ń béèrè pé kí ló lè mú un kúrò. Ohun púpọ̀ ló lè mú un kúrò. Omi obìnrin yẹn mú un kúrò. Ìbéèrè tí dókítà wa máa ń bi ara rẹ̀ yàtọ̀: àwọ̀ wo ni yóò fi sílẹ̀?

Lésà ńkọ́? Ẹ má gbọ́ tẹnu mi nìkan lórí èyí, nítorí ilé ìwòsàn wa kò ní in, alágbàtà kì í yin ọjà tí kò sí nínú ìsọ̀ rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ lésà máa ń wá ohun dúdú kiri ni, ohun dúdú náà á gbà á, ìmọ́lẹ̀ á di ooru. Lára ẹni tí awọ rẹ̀ funfun, tàdáwà nìkan ló dúdú, ìmọ́lẹ̀ mọ ibi tó ń lọ. Lára wa, gbogbo ilé ló dúdú, ó lè wọ ilé tí kì í ṣe tirẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé kò ṣeé ṣe. Àwọn oníṣẹ́ tó mọwọ́ rẹ̀ ń lo irú tó ń jẹ́ Nd:YAG tí ìgbì rẹ̀ gùn tó nánómítà 1064, tí dúdú awọ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbà, tàbí KTP oní-532 tí wọ́n á fojú rẹ̀ sun tàdáwà nìkan. Ìwádìí kan tó jáde ní 2009 fi KTP yìí wé abẹ́rẹ́ iná, ìyẹn abẹ́rẹ́ tí iná mànàmáná ń gbà kọjá, lára aláwọ̀ dúdú tó ní irú tàdáwà yìí gan-an, agbára méjèèjì láti mú un kúrò sún mọ́ ara wọn. Dókítà sọ fún ọmọ náà pé tí ìyá rẹ̀ bá fẹ́ lọ Èkó fún lésà, òun á kọ ìwé sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Kó ṣáà má jẹ́ ẹni tó ra ẹ̀rọ lóṣù tó kọjá.

Ó ku abẹ́rẹ́ iná àti sísọ́sì. Sísọ́sì kékeré mímú fún àwọn mẹ́fà tó rọ̀ ní ọrùn, gé, ó tán. Abẹ́rẹ́ iná fún ìyókù: iná mànàmáná tó kéré jọjọ, orí abẹ́rẹ́ kan tàdáwà náà fìrí, ó gbẹ, ó di eérú. Iná ò gbọ̀dọ̀ wọ ìsàlẹ̀. Orí awọ òkè ni tàdáwà wà, orí rẹ̀ náà ni iná gbọ́dọ̀ dúró sí. Ìyẹn ni wọ́n fi dá a lóhùn nípa àpá etí rẹ̀: awọ ìsàlẹ̀ ni irú àpá bẹ́ẹ̀ ti máa ń hù, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá fúyẹ́ kì í débẹ̀. Síbẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ dán díẹ̀ wò níbi tó fara sin.

Ó yan abẹ́rẹ́ iná. Owó ọkọ̀ Èkó léraléra wà nínú ohun tó rò, kò fi pa mọ́ fún wa.

Ìjà wá bẹ̀rẹ̀ lórí ọjọ́. Dókítà ní ìpara àpòpọ̀ gbọ́dọ̀ dúró ná, kí ojú sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, kí a dán márùn-ún wò lẹ́yìn ìyẹn, kí a tún dúró ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ká wo ohun tí awọ rẹ̀ máa fi dáhùn. Màmá fi ìka ṣírò rẹ̀. "Ìgbéyàwó á ti kù ọ̀sẹ̀ kan nígbà yẹn!" Dókítà ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ṣé òun máa wá fi ojú yìí jó níwájú àna ni? Dókítà ní èépá máa ń gba ọjọ́ 7 sí 10 kó tó bọ́, ojú ibẹ̀ á sì dúdú tàbí kó pupa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tí wọ́n bá jó 80 lójú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan sí òde, èépá ni yóò gbé lọ sójú agbo. Ó dìde, ó kó báàgì rẹ̀, kò kí ẹnikẹ́ni.

Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ kẹta. "Nọ́ọ̀sì mi, wọ́n ní ẹnìkan wà ní Ring Road tó máa ń ṣe é tán lọ́jọ́ kan." Mo ní, "Màmá, ẹ bi í pé kí ló máa fi ṣe é." Ó dákẹ́. Ó ní òun ti bi í. Ó ní omi ni.

Ó padà wá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tó tẹ̀lé e kò dùn. Ẹni tó bá pẹ́ lórí sítẹ́rọ́ìdì, tó sì fi í sílẹ̀, ojú á kọ́kọ́ bínú: ó pọ́n, ó yún un, rorẹ́ yọ sí i, ó ní òun jọ ọmọ ọdún 15. Dókítà fún un ní ìpara tó rọrùn fún awọ, ó fún un ní oògùn sí rorẹ́ náà, ó sì kọ azelaic acid fún àwọn àmì dúdú pẹrẹsẹ méjì tí omi obìnrin yẹn fi sílẹ̀. Mo kọ́ ọ láti máa fi ìpara oòrùn tí SPF rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n ààbò rẹ̀ sí oòrùn, kò dín ní 30 pa ojú láràárọ̀. Ó bá mi jiyàn, ó ní òyìnbó ló ń lo ìyẹn. Mo ṣàlàyé fún un pé awọ dúdú tó bá ti ní egbò tàbí ooru, oòrùn á tún fún un ní dúdú mìíràn lé e. Ó ra agbòòrùn ńlá fún iwájú ìsọ̀ rẹ̀. Ìyẹn ló wúlò jù nínú gbogbo ohun tó rà.

Àárín oṣù Kẹta la dán márùn-ún wò lábẹ́ àgbọ̀n lọ́tùn-ún. Mo fi ìpara akunnilára tó ní lidocaine àti prilocaine, ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́kọ̀ọ̀kan, bò ó, mo fi ọ̀rá lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, a dúró fún wákàtí kan. Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Òórùn irun jíjóná gba yàrá. "Ọjọ́ Iléyá rèé," ni ó wí, pẹ̀lú ojú dídì. Mo fi vaseline ra á, mo sì kìlọ̀ fún un pé kó má ṣí èépá: kó jẹ́ kó bọ́ fúnra rẹ̀. Lọ́sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn náà, mẹ́rin ti mọ́, ọ̀kan fi àmì bíi ti kọfí sílẹ̀. Kò sí èyí tó wú. Àmì kọfí náà parẹ́ kí oṣù mẹ́ta tó pé.

Ìgbéyàwó dé, 80 tàdáwà wà lójú àti lọ́rùn ìyá ìyàwó. Ó sanwó fún ẹni tó ń kun ojú fúnni, ó sì ní ọmọbìnrin náà bò ó débi pé àbúrò òun kan wá béèrè ẹni tí òun jẹ́. Mo rí àwòrán náà. Ó rẹwà. Gèlè rẹ̀ ga ju ti ìyá ọkọ lọ, ó sì ní òótọ́ ni pé òun mọ̀ ọ́n ṣe.

Nínú oṣù Karùn-ún, a ṣe 30 ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, a gé mẹ́fà ọrùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìyẹn, a ṣe 27 tòsì àti 9 tiwájú orí, pẹ̀lú mẹ́rin ní àyíká ojú. Mẹ́rin tó kù wà lórí ìpéǹpéjú gan-an. Dókítà ní òun lè ṣe é, pẹ̀lú ohun tí wọ́n fi ń bo ẹyin ojú. Màmá ní kí a fi í sílẹ̀. Ó ní ibẹ̀ gan-an ni tìyá òun wà, òun kàn ń wò ó nínú dígí ni.

Oṣù Kìíní ọdún tó tẹ̀lé e ni mo kọ àbájáde rẹ̀ sínú fáìlì. Nínú 82 tí a fọwọ́ kàn, 77 ò ní ojú àpá tí èèyàn lè rí láti ìwọ̀n ìjìnnà tí àwọn èèyàn fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Mẹ́ta ṣì dúdú díẹ̀, ó ń lọ. Ọ̀kan fi àmì tó pọ́n ju awọ ìyókù lọ sílẹ̀, kékeré bí orí pínnì, ní ẹ̀bátí òsì. Ibi tí wọ́n ti fá ọ̀kan fún àyẹ̀wò ní àpá pẹrẹsẹ lẹ́bàá imú. Àmì dúdú méjì tí omi fi sílẹ̀ ti rẹ̀ dànù. Àpá funfun mẹ́ta wà níbẹ̀, kòtò náà wà níbẹ̀, a ò rí nǹkan ṣe sí wọn. Òun ló ń fi àtíkè bò wọ́n.

Mo tún kà tuntun mẹ́fà tí kò tíì tó mìlímítà kan, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún. A ti sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ pé èyí tí a mú lọ kò di ọ̀nà mọ́ èyí tó ń bọ̀. Mo fi dígí hàn án. Ó wò wọ́n fún ìgbà díẹ̀, ó ní kí n kọ oṣù Keje sílẹ̀ fún òun, kí n sì kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n òun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pé òun ti gba ike ìpara ọwọ́ rẹ̀, òun ti dà á nù sẹ́yìn ilé.